Ibi tí ojú rẹ bá ń wò ni maṣíìnì ń gbé ọ lọ: Ìdáhùn sí àwọn lẹ́tà yín

Lẹ́tà 18 ló dé sí mi lóṣù yìí, eré sísá lórí alùpùpù ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Mo mú márùn-ún. Ẹni tí kò bá rí tirẹ̀, kó fara balẹ̀ fún mi. Mo ṣì ń ka ìyókù níbi iṣẹ́ mi ní Mọ́kọ́lá, bí mo bá ti tú ẹ́ńjìnì tán tí mo sì fọwọ́.

*Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ ọdún 24 ni mí, mo sì ra alùpùpù Yamaha R6 tòkúnbọ̀ lọ́dún tó kọjá. Ní àárọ̀ Sọ́ńdè, èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi máa ń gba Tollgate bọ́ sójú ọ̀nà márosẹ̀ Èkó láti lọ fi sáré. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní bí mi ò bá jáwọ́, òun á fẹjọ́ mi sun bàbá wa. Mo gbọ́ pé nílẹ̀ òkèèrè, pápá wà tí wọ́n ti ń gun irú maṣíìnì yìí lópin ọ̀sẹ̀. Ṣé eré ìje ni? Ṣé ẹ ti ṣe é rí? — Ọmọ Bódìjà*

Àbúrò mi, mo ti ṣe é rí, ẹ̀ẹ̀kan péré. Kyalami ni, láàárín Johannesburg àti Pretoria ní South Africa, lọ́dún 2019. Ọdún méjì ni mo fi tọ́jú owó rẹ̀. Pápá tí ọkọ̀ eré ìje Formula One ti sáré rí ni, ó fi díẹ̀ lé ní kìlómítà mẹ́rin àbọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kọ́nà 16 ló sì wà níbẹ̀.

Kì í ṣe eré ìje. Kò sí ife ẹ̀yẹ, kò sí ẹni tó gba ipò kìíní. Ọ̀wọ́ mẹ́ta ni wọ́n pín wa sí: àwa tí a kò ṣe é rí, àwọn tó mọ̀ ọ́n díẹ̀, àti àwọn tó ti jinlẹ̀ nínú ẹ̀. Ọ̀wọ́ kan á wọlé fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 20, á jáde, òmíràn á wọlé. Bí o bá jáde, o jókòó, o mu omi, o fọwọ́ kan táyà rẹ bóyá ó ti gbóná ju bó ṣe yẹ lọ. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe é títí di ìrọ̀lẹ́.

Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni tó gun nǹkan kan, wọ́n kọ́kọ́ yẹ maṣíìnì wa wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n mi ṣéènì, wọ́n fún bíréèkì, wọ́n fi ọwọ́ pa ojú táyà. Wọ́n ní ká fi téèpù lẹ gbogbo iná pa, kí gíláàsì má baà fọ́ dà sójú ọ̀nà bí ẹnì kan bá ṣubú. Wọ́n ní ká yọ díńgí. Èyí yà mí lẹ́nu, mo sì béèrè ìdí. Wọ́n ní ẹni tó wà níwájú kò níṣẹ́ kan lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn ló gbọ́dọ̀ mọ bí òun yóò ṣe kọjá láìfara kàn án. Àwọn tó ní omi aláwọ̀ ewé nínú rédíátọ̀, wọ́n ti dà á nù nílé kí wọ́n tó wá, wọ́n sì ti bu omi lásán sí i, nítorí omi aláwọ̀ ewé yẹn máa ń yọ̀ lójú ọ̀dà bí ọbẹ̀ ilá, kì í sì í tètè gbẹ.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n kọ́ wa ní àsíá. Bí o bá rí àsíá ofeefee, ewu wà níwájú, má kọjá ẹnikẹ́ni. Bí ó bá jẹ́ pupa, ó parí fún gbogbo yín, ẹ rọra padà síbi tí ẹ ti gbéra. Búlúù ń sọ fún ọ pé ẹni tó yá jù ọ́ lọ ń bọ̀ lẹ́yìn. Dúdú ní tìrẹ ni wọ́n ń bá wí, jáde wá. Ẹni tó bá ṣe bí ẹni pé òun kò rí àsíá, wọ́n á lé e lọ ilé, wọn kì í sì í dá owó rẹ̀ padà.

Wàá wá bi mí pé kí ló yàtọ̀ sí márosẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé ọ̀dà náà ni. Ní pápá, apá kan ṣoṣo ni gbogbo ènìyàn ń lọ. Kò sí dáńfó tó gba ọ̀nà òdì pàdé rẹ. Kò sí màlúù, kò sí ọmọ tó ń sáré ta ẹ̀pà, kò sí epo dísẹ́ẹ̀lì tó ti ẹ̀yìn ọkọ̀ akẹ́rù dà sílẹ̀. Bí o bá yà kúrò lójú ọ̀nà, òkúta wẹ́wẹ́ ni wàá bá, yóò sì mú ọ dúró. Ọkọ̀ aláìsàn wà nítòsí, àwọn tó mọ iṣẹ́ sì jókòó sínú rẹ̀.

Ní kìlómítà 120 ní wákàtí, mítà 33 ni ò ń rìn láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Kí ọpọlọ rẹ tó sọ fún ọwọ́ rẹ pé kó fún bíréèkì, o ti kọjá ilé bíi mẹ́ta. Bí o bá sì sọ eré di ìlọ́po méjì, ìwọ̀n ilẹ̀ tí o nílò láti dúró á di ìlọ́po mẹ́rin. Bí mítà 18 bá tó ọ láti dúró ní 60, mítà 72 ni wàá wá ní 120, ìyẹn bí ọ̀dà bá gbẹ. R6 tí o rà yìí ń kọjá 100 nínú gíà kìíní rẹ̀, gíà márùn-ún sì ṣì kù lẹ́yìn ìyẹn. Kò sí ibi kankan láàárín Tollgate àti Ṣàgámù tí a ṣe fún un.

Èmi náà sáré lójú ọ̀nà yẹn nígbà tí mo wà lọ́jọ́ orí tìrẹ. Ní 1998, mo sin ọ̀rẹ́ mi kan nítorí rẹ̀. Tírélà dúró lẹ́bàá Ògèrè láìtan iná, agogo mẹ́fà àárọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá díẹ̀ ni, ìkùukùu sì wà nílẹ̀. Èmi ni mo wà lẹ́yìn rẹ̀. Mo rí i tí iná ẹ̀yìn maṣíìnì rẹ̀ pọ́n, mo sì mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé ó ti pẹ́ jù. Láti ọjọ́ náà, mi ò sá eré mọ́ níbi tí ẹlòmíràn ti ń lọ síbi iṣẹ́ tàbí ṣọ́ọ̀ṣì.

Ìbàdàn kò ní Kyalami. Ohun tí a ní ni pé ní ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ nínú oṣù, èmi àti àwọn bíi 14 máa ń gba àyè ìgbọ́kọ̀sí ńlá kan tó ní ọ̀dà, ẹni tó ni ín sì ti fọwọ́ sí ìwé. A máa ń to agolo pẹ́ńtì sílẹ̀ bí òpó. A kì í kọjá 40. Ó lè má dùn mọ́ ọ létí, ṣùgbọ́n mú R6 rẹ wá, kí o wá gbé e yí agolo mẹ́jọ ká láìwó ọ̀kankan. Ìwọ fúnra rẹ á mọ ibi tí ẹ̀kọ́ kù sí. Ẹ̀gbọ́n rẹ obìnrin náà, bá mi kí i. Ó fẹ́ràn rẹ ni.

*Ọ̀gá, òṣìṣẹ́ ìjọba ni mí ní Àgódi, mo sì ti lé ní 40 ọdún. Mo ń gun alùpùpù tí ẹ́ńjìnì rẹ̀ jẹ́ 200cc lọ síbi iṣẹ́. Ohun tó ń dà mí láàmú ni kọ́nà. Bí mo bá ti wọ kọ́nà tó le díẹ̀, ara mi á gan, maṣíìnì náà á sì máa ya lọ sápá ibi tí mo ń sá fún gan-an, bíi pé wọ́n fi okùn fà á. Ṣé férémù rẹ̀ ló wọ́ ni? — Òṣìṣẹ́ Àgódi*

Férémù yín kò wọ́, ọ̀gá mi. Ojú yín ni. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe mọ̀.

Kọ́nà kan wà ní Kyalami tí wọ́n ń pè ní Mineshaft. Ńṣe ni ilẹ̀ rẹ̀ ń sá lọ lábẹ́ ènìyàn, bí ẹni ń ti Òkè Mápó bọ̀ wálẹ̀. Maṣíìnì 300cc ni mo yá. Kò tilẹ̀ lágbára tó bó ṣe yẹ, nítorí ilẹ̀ ibẹ̀ ga ju Ìbàdàn lọ púpọ̀, ẹ́ńjìnì kì í sì í rí afẹ́fẹ́ tó. Ìgbà kẹta tí a wọlé, mo ń sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀, àyà mi já pé mo ti yá jù. Mi ò yá jù. Ẹni tó wà níwájú mi gbà á pẹ̀lú eré kan náà. Ṣùgbọ́n bí àyà mi ṣe já, mo wo etí ọ̀nà tí wọ́n kùn ní pupa àti funfun. Mo wò ó báyìí, mi ò lè gbójú kúrò lára rẹ̀. Maṣíìnì gbé mi lọ bá a tààrà. Mo gbọ́ òkúta wẹ́wẹ́ tó ń bá abẹ́ ẹ́ńjìnì, bí ẹ̀wà gbígbẹ tí wọ́n dà sínú páànù. Táyà iwájú rì, a sì wó lulẹ̀ jẹ́jẹ́, èmi àti òun. Ọwọ́ kíláàṣì kán. Èmi kò fara pa.

Olùkọ́ tó ń tẹ̀lé ọ̀wọ́ wa wá bá mi. Kò béèrè eré tí mo sá. Ohun tó béèrè ni pé, “Kí lò ń wò?” Mo ronú, mo sì rí i pé kò sí ìgbà kan tí mo wo ọ̀nà.

Ohun tó ń ṣe yín náà nìyí. Ojú máa ń lẹ̀ mọ́ ohun tí ẹ̀rù rẹ̀ ń bà wá, ọwọ́ á sì tẹ̀lé ojú láìgba àṣẹ lọ́wọ́ wa. Nítorí náà, kí ẹ tó wọ kọ́nà, ẹ yí àgbọ̀n yín, kì í ṣe ẹyinjú nìkan, sí ibi tí ẹ fẹ́ kí maṣíìnì jáde sí. Ibi tó jìnnà jùlọ tí ẹ bá lè rí lójú ọ̀nà, ibẹ̀ ni kí ẹ gbójú lé. Bí kòtò wà, ẹ wo ẹ̀gbẹ́ kòtò tí táyà máa gbà, ẹ má wo kòtò.

Ẹ dín eré kù tán kí ẹ tó yí. Ẹni tó bá gbé eré wọ kọ́nà á máa já bíréèkì gbà nínú rẹ̀, ìgbà yẹn ni táyà máa ń yọ̀. Ẹni tó bá wọlé pẹ̀lẹ́ ló máa ń fi ayọ̀ gbé eré jáde. Ẹ fi orúnkún di táńkì mú, kí apá yín lè rọ̀. Bí ẹni di òròmọdìẹ mú ni kí ẹ di ọwọ́ maṣíìnì mú.

Ohun kan ṣì kù tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í gbà gbọ́ àfi bí wọ́n bá dán an wò. Ẹ wá ọ̀nà gbọọrọ tó ṣófo, ẹ máa lọ ní nǹkan bíi 40. Ẹ rọra ti ọwọ́ ọ̀tún maṣíìnì síwájú, bíńtín báyìí. Ẹ ó rò pé apá òsì ló máa yà sí. Apá ọ̀tún ló máa tẹ̀ sí, apá ọ̀tún náà ló sì máa lọ. Bí gbogbo alùpùpù ṣe ń yí nìyẹn bí ó bá ti ń sáré díẹ̀. Ẹ ti ń ṣe é láti ọjọ́ tí ẹ ti ń gùn, ẹ kò kàn mọ̀ ni. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n, tó sì lè mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é, yóò lè yẹ kòtò láàárín ìpajú kan. Ẹ dán an wò ní ìgbà 20, kí ẹ tún kọ̀wé sí mi.

*Ẹ máa ń sọ̀rọ̀ àwọn olówó tó ń fi alùpùpù ṣeré ní tiyín. Èmi Bajaj Boxer ni mo fi ń gbé èrò láti Òjòó lọ sí Mọ̀níyà, òun ni mo fi ń bọ́ ọmọ mẹ́rin. Kí ló kàn mí nínú pápá òyìnbó? — Ọlọ́kadà Òjòó*

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ẹ̀yin ló kàn jù. Wákàtí tí ẹ ń lò lórí ìjókòó ní ọ̀sẹ̀ kan, olówó kò lò ó ní ọdún kan. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo fẹ́ bá yín sọ, bíréèkì iwájú sì ni.

Nínú ọlọ́kadà mẹ́wàá tó ń wá sọ́dọ̀ mi, ó kéré tán mẹ́fà ni kébù bíréèkì iwájú wọn ti dípẹtà nítorí àìlò. Àwọn kan tilẹ̀ ti tú u kúrò. Ohun tí wọ́n kọ́ wọn ni pé yóò da àwọn nù. Èmi náà gbà á gbọ́ fún ọdún mẹ́jọ.

Ẹ rántí bó ṣe máa ń rí nínú dáńfó bí awakọ̀ bá tẹ bíréèkì lójijì. Gbogbo yín á fì síwájú, ẹni tó wà lẹ́yìn á fẹ́rẹ̀ẹ́ dé iwájú. Bó ṣe rí lórí alùpùpù náà nìyẹn. Bí ẹ bá ti fún bíréèkì, gbogbo ìwúwo á rọ́ lọ síwájú, á tẹ táyà iwájú mọ́lẹ̀ dáadáa, ti ẹ̀yìn á sì fúyẹ́. Táyà tó fúyẹ́ kò lè dá yín dúró, yíyọ̀ ló máa yọ̀. Ìdí nìyí tí ẹ fi máa ń gbọ́ “ṣììì” lẹ́yìn, tí ẹ ṣì ń lọ. Iwájú ló lágbára àtidúró.

Ọ̀nà tó fi ń da ènìyàn nù ni bí ẹ bá já a gbà lójijì, tàbí bí ẹ bá fún un nígbà tí ọwọ́ maṣíìnì wà ní yíyí, tàbí lórí iyanrìn àti òróró. Ẹ fún un bí ẹni ń fún ọsàn: díẹ̀, kó tó wá le. Tẹ́yìn náà ẹ tẹ̀ ẹ́ pọ̀ mọ́ ọn. Bí èrò bá wà lẹ́yìn yín, ti ẹ̀yìn á wúlò ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, nítorí èrò náà ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n iwájú ṣì ni olórí.

Ẹ má gbà á gbọ́ lẹ́nu mi. Ẹ mú ẹfun, ẹ fa ìlà sójú ọ̀nà kan tó ṣófo ní àárọ̀. Ẹ wá pẹ̀lú eré 30, kí ẹ fi bíréèkì ẹ̀yìn nìkan dúró láti orí ìlà náà, kí ẹ ka ìṣísẹ̀ yín. Lẹ́yìn náà ẹ fi méjèèjì dúró, ẹ tún kà á. Nígbà tí mo ṣe tèmi, ìṣísẹ̀ 13 ni tàkọ́kọ́, 7 sì ni èkejì. Ìṣísẹ̀ mẹ́fà tó wà láàárín méjèèjì yẹn, ọmọ iléèwé tó já sójú títì lè dúró síbẹ̀.

Ẹ gbé Boxer náà wá sí Mọ́kọ́lá. Màá pààrọ̀ kébù iwájú fún yín, n kò ní gba owó iṣẹ́. Owó kébù nìkan ni kí ẹ mú dání.

*Mo rí àṣíborí tòkúnbọ̀ tó dára gan-an ní Ògùnpa, ó sì ń dán ju tuntun lọ. Táyà tòkúnbọ̀ náà wà níbẹ̀ tí ojú rẹ̀ ṣì ga. Ṣé kí n rà wọ́n? — Oníbàárà*

Má ra àṣíborí yẹn. Fóòmù inú rẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló ń ṣiṣẹ́. Bó bá ti gba ìkọlù rí, ó ti rún nínú, ojú kò sì lè rí i láti ìta. Ní 2009, nígbà tí FRSC, àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, ní kí gbogbo ọlọ́kadà dé àṣíborí, àwọn kan dé igbá, àwọn kan dé korobá pẹ́ńtì. Ènìyàn ń ṣe é nítorí ọlọ́pàá nígbà náà. Ṣe tìrẹ nítorí orí rẹ. Ra tuntun, kí o wo okùn àgbọ̀n: àmì ààbò ECE 22.06 tàbí 22.05 yẹ kó wà lára ìwé tí wọ́n rán mọ́ ọn. Dì í, kí o gbọn orí. Bó bá yí lórí rẹ, ó tóbi jù.

Ní ti táyà, wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ níbi tí wọ́n kọ DOT sí. Nọ́ńbà mẹ́rin tó kẹ́yìn ni ọjọ́ ìbí rẹ̀. 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ 23 nínú ọdún 2019. Rọ́bà tó ti gbó máa ń le bí ìsàlẹ̀ bàtà àtijọ́, bí ojú rẹ̀ bá tilẹ̀ ga, kì í di ọ̀dà mú nínú òjò.

*Ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún 22, ní òun fẹ́ máa bá yín ṣe ìdánrawò ọjọ́ Àìkú yẹn. Bàbá rẹ̀ ti gbà. Èmi ni mi ò lè sùn. Ṣé obìnrin wà níbẹ̀? — Ìyá Àkóbọ̀*

Ìyá wa, mo kí yín. Obìnrin mẹ́ta ló wà nínú wa báyìí. Ọ̀kan jẹ́ nọ́ọ̀sì, òun ló sì máa ń gbé àpótí ìtọ́jú dání, òun náà ló ń gun maṣíìnì tó wúwo jù. Àwọn obìnrin kì í tètè já eré gbà, wọ́n sì máa ń gbọ́ bí a bá ní kí wọ́n gbé ojú sókè. Mi ò sọ ọ́ láti fi tu yín nínú, bí mo ṣe rí i nìyẹn.

Ọmọ yín kò ní gun ohun tó ju 125cc lọ fún oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́. Kó wọ ṣòkòtò jíǹsì tó nípọn, bàtà tó bo ọrùn ẹsẹ̀, àti ìbọ̀wọ́. Àṣíborí tirẹ̀ ni kó mú wá, kì í ṣe ti ọ̀rẹ́.

Mo mọ̀ pé gbogbo ohun tí mo ń kọ yìí kò lè mú yín sùn. Nítorí náà, ẹ tẹ̀lé e wá. Aago méje àárọ̀ la ń bẹ̀rẹ̀, kí oòrùn tó le. Ẹ mú àga dání, ẹ̀yin ni màá sì fi àsíá pupa lé lọ́wọ́. Bí ẹ bá gbé e sókè, a ó dúró, gbogbo wa.